Ọlọ́jà Ló Ni Ìwé Ìṣirò, Kì Í Ṣe Akáńtáǹtì

Èrò kan ti fìdí múlẹ̀ láàárín wa débi pé ẹni tó kàwé àti ẹni tí kò kàwé jọ ń sọ ọ́ ni. Èrò náà ni pé iṣẹ́ akáńtáǹtì ni ìṣirò owó. Ọlọ́jà ní tirẹ̀, kó ṣáà máa rà, kó máa tà, kó sì máa dúpẹ́. Bí ẹ bá bi irú ọlọ́jà bẹ́ẹ̀ bóyá òwò rẹ̀ ń mérè wá, yóò ní, "A dúpẹ́, ọjà ń tà." Bí ẹ bá tún bi í pé èló ni èrè oṣù tó kọjá, yóò rẹ́rìn-ín, yóò ní ìyẹn kì í ṣe ohun téèyàn ń sọ síta. Lọ́pọ̀ ìgbà, kì í ṣe pé ó fẹ́ fi pamọ́. Kò mọ̀ ọ́n ni.

Mo kọ àròkọ yìí láti ta ko èrò náà. Ẹni tó ń pinnu lórí owó ló ni ìwé ìṣirò. Ẹni tó ń pinnu iye tí òun yóò ta ọjà, ẹni tí òun yóò tà fún láwìn, iye tí òun yóò mú lọ sílé, ìgbà tí òun yóò yáwó àti ìgbà tí òun kò ní yá a, òun gan-an ló gbọ́dọ̀ lè ka ìwé náà. Akáńtáǹtì lè bá a kọ ọ́, ó lè bá a yẹ̀ ẹ́ wò, ṣùgbọ́n kò lè bá a pinnu. Ìmọ̀ tí èyí sì gbà kò pọ̀ tó bí wọ́n ṣe fi ń dẹ́rù bà wá.

Àwọn kan ní àṣà òyìnbó ni kí èèyàn máa ṣírò owó kiri, pé àwọn baba wa ṣòwò, wọ́n là, wọn ò kọ nǹkan kan. Òótọ́ ni pé wọn ò fi gègé kọ ọ́. Pé wọn ò ṣírò rẹ̀ ni irọ́. Nígbà tí a ń ná owó ẹyọ, ogójì ẹyọ ni wọ́n ń sín sórí okùn kan. Àádọ́ta okùn bẹ́ẹ̀ ló ń jẹ́ ẹgbàá, ìyẹn 2,000. Ẹgbàá mẹ́wàá ló ń jẹ́ ọ̀kẹ́ kan, ìyẹn 20,000. Ìran tó to owó rẹ̀ báyìí kì í ṣe ìran tó ń fojú díwọ̀n owó. Ẹ tún wo ètò ìwọ̀fà. Ìyà wà nínú rẹ̀, mi ò yìn ín, ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tó bá a lò mọ̀ pé iṣẹ́ tí ìwọ̀fà ń ṣe lóko olówó, èlé ni. Kò dín ohunkóhun kù nínú ojú owó. Àwọn baba wa mọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín èlé àti ojú owó dáadáa, ọ̀pọ̀ ọlọ́jà òde òní ni kò mọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín èrè àti ojú owó mọ́.

Èsúsú náà ńkọ́? Ètò yìí lágbára tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi kó o sọdá òkun lọ sí Trinidad, níbi tí wọ́n ti ń pè é ní sou-sou títí dòní. Ní ọdún 1952, William Bascom, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà, tẹ ìwádìí jáde lórí èsúsú Yorùbá. Ohun tó mú kí èsúsú dúró kò ju pé gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ mọ ẹni tó ti dá, ẹni tó ti kó, àti ẹni tó ṣì kù. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti àjọ: káàdì alájọ tí wọ́n ń fa ìlà sí lójoojúmọ́, ìwé ìṣirò ni. Ìyá tí kò mọ ABD a máa ka ìlà orí káàdì rẹ̀ lálẹ́, bí alájọ bá sì yọ ọ̀kan, ariwo yóò sọ. Kí ló wá dé tí ìyá kan náà fi gbà pé òun ò lè mọ ìṣirò ṣọ́ọ̀bù òun?

Ní ilẹ̀ òyìnbó pàápàá, oníṣòwò ló ni ìwé ìṣirò kí akáńtáǹtì tó dé. Ní ọdún 1494, Luca Pacioli, àlùfáà àti onímọ̀ ìṣirò ará Ítálì, tẹ ìwé kan jáde ní ìlú Venice. Nínú rẹ̀ ló ti ṣàlàyé bí àwọn oníṣòwò ìlú náà ṣe ń kọ gbogbo òwò lẹ́ẹ̀mejì: ibi tí owó ti wá, àti ibi tó lọ. Kì í ṣe òun ló dá a sílẹ̀. Ohun tí àwọn oníṣòwò ti ń ṣe fúnra wọn tipẹ́ ló kọ sílẹ̀. Ọdún 1854 ni ẹgbẹ́ àwọn akáńtáǹtì Edinburgh, ní Scotland, ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìwé àṣẹ ọba, 360 ọdún lẹ́yìn ìwé Pacioli. Ní tiwa, ọdún 1949 ni Akintola Williams, ọmọ Èkó, di akáńtáǹtì tó ní ìwé ẹ̀rí chartered, ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó gbà á. Ó dá ilé iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ ní 1952, ICAN, ẹgbẹ́ àwọn akáńtáǹtì ilẹ̀ wa, sì di èyí tí òfin mọ̀ ní 1965. Mo bọlá fún bàbá náà àti iṣẹ́ tó fi sílẹ̀. Àmọ́ àwọn akáńtáǹtì bá ìwé ìṣirò lọ́wọ́ oníṣòwò ni, àwa la wá gbé e fún wọn pátápátá.

Kí ọ̀rọ̀ má baà di ti ẹnu lásán, ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ kan wò ó. Ká sọ pé obìnrin kan ń ta àdìrẹ ní Ìtokú, ní Abẹ́òkúta. ₦1,000,000 tirẹ̀ ló fi bẹ̀rẹ̀, kò jẹ gbèsè kankan. Ó fi gbogbo rẹ̀ ra 200 aṣọ, ₦5,000 lọ́kọ̀ọ̀kan. Láàárín oṣù mẹ́ta, ó ta 150 nínú rẹ̀ ní ₦7,000 lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn tó ra 100 sanwó lójú ẹsẹ̀, àwọn tó ra 50 gbà á láwìn. Owó ṣọ́ọ̀bù, owó ọkọ̀, owó ọmọ tó ń bá a tajà àti owó iná jẹ́ ₦180,000. Ó tún mú ₦150,000 nínú owó ọjà, ó fi san owó ilé-ìwé àwọn ọmọ. Nígbà tó wá ka owó tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ₦370,000 ló bá.

Bó bá jẹ́ owó ọwọ́ nìkan ló ń wò, omijé ni. Ó fi mílíọ̀nù kan bẹ̀rẹ̀, kò rí tó ìdajì rẹ̀ mọ́. Ó lè ní ayé ló ń fa owó òun. Ó lè sáré lọ yá owó èlé láti fi kún ọjà. Ó tiẹ̀ lè pa òwò náà tì, kó lọ bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Ojoojúmọ́ là ń gbọ́ irú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi gbé e sórí ìwé.

Ẹ kọ́kọ́ wo èrè. Aṣọ 150 ní ₦7,000 jẹ́ ₦1,050,000. Iye tí ó ra 150 náà jẹ́ ₦750,000. Èrè orí ọjà jẹ́ ₦300,000. Ẹ yọ ìnáwó ₦180,000 kúrò, ó ku ₦120,000. Òwò náà jèrè! Ẹ wá wo ohun tó ní. Owó ọwọ́ ₦370,000, owó tó wà lọ́wọ́ àwọn tó gba àwìn ₦350,000, àti aṣọ 50 tó kù nílẹ̀, ₦250,000. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦970,000. Ó dín ní ₦30,000 sí ojú owó tó fi bẹ̀rẹ̀. Ta ló mú ₦30,000 náà? Kì í ṣe ọ̀tá, kì í ṣe ayé. Èrè ₦120,000 ni òwò pa, ₦150,000 ni ó mú lọ sílé. Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé.

Ẹ wo bí ìpinnu ṣe yí padà. Ẹni tó rò pé òwò òun ti bàjẹ́ wá rí i pé òwò náà dára, pé ohun méjì péré ló ń dùn ún: àwìn tó pọ̀ jù, àti owó ilé tó ju èrè lọ. Owó èlé kọ́ ni oògùn rẹ̀. Ohun tó yẹ kó ṣe ni kó lọ gba ₦350,000 tó wà níta, nítorí owó yẹn tó ra 70 aṣọ ní iye tó ń rà á tẹ́lẹ̀. Kó sì dá iye kan fún ara rẹ̀ lóṣooṣù tí kò ní kọjá èrè. A kì í fi ètè sílẹ̀ pa làpálàpá, ṣùgbọ́n ẹni tí kò kọ nǹkan kan sílẹ̀, báwo ni yóò ṣe mọ èyí tó jẹ́ ètè?

Ẹ jẹ́ ká tún tẹ̀ síwájú díẹ̀. Oníbàárà kan sọ fún un pé, "Ìyá, ẹ bá mi yọ ₦500, màá mú àwọn èèyàn mi wá." Gbogbo ọlọ́jà ló mọ ọ̀rọ̀ yìí. ₦500 nínú ₦7,000, kí ló ṣe? Ìwé ìṣirò mọ ohun tó ṣe. Èrè orí aṣọ kan jẹ́ ₦2,000 tẹ́lẹ̀. Bó bá yọ ₦500 fún gbogbo èèyàn, ó di ₦1,500. Kó tó lè san ìnáwó ₦180,000, 90 aṣọ ló gbọ́dọ̀ tà tẹ́lẹ̀. Ní báyìí, ó di 120. Kó sì tó lè rí èrè ₦120,000 tó rí lánàá, gbogbo 200 aṣọ náà ló gbọ́dọ̀ tà láìku ẹyọ kan, dípò 150. Ó ṣeé ṣe kí ẹ̀dínwó náà mú èèyàn wá lóòótọ́. Bó bá mọ̀ pé òun lè tà á tán, kí òun sì tún kó òmíràn tà tó fi pé 220, kó yọ ọ́. Bó bá mọ̀ pé kò lè kọjá 160, kó má yọ ọ́. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ.

Ibi tó wá nira jù ni ti ọjà tó ń gbówó lórí. Ní oṣù karùn-ún 2023, ìjọba àpapọ̀ yọ owó ìrànwọ́ orí epo. Ní oṣù kẹfà, wọ́n tú náírà sílẹ̀ kó máa wá iye tirẹ̀. Dọ́là tó wà ní nǹkan bíi ₦470 ní báńkì kọjá ₦1,500 ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024. Nígbà tó fi máa di oṣù kejìlá 2024, àjọ ìṣirò orílẹ̀-èdè, NBS, ní ọ̀wọ́ngógó ọjà ti dé 34.80%. Ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù ló ṣófo láàárín àkókò yìí, bẹ́ẹ̀ ẹni tó ni wọ́n ń jèrè lójoojúmọ́, lójú ara rẹ̀.

Ẹ padà sí Ìtokú. Ká sọ pé nígbà tí oníṣòwò wa lọ kó ọjà tuntun, aṣọ tó rà ní ₦5,000 ti di ₦6,500. Láti fi 150 mìíràn dípò èyí tó tà, ₦975,000 ló nílò. Bí gbogbo àwìn bá tiẹ̀ wọlé, tí kò sì mú kọ́bọ̀ lọ sílé, ₦1,050,000 tó rí lórí ọjà, lẹ́yìn tó bá yọ ìnáwó ₦180,000, kò ju ₦870,000 lọ. Ó ku ₦105,000 kó pé. Aṣọ 133 ni owó náà lè rà, kò lè ra 150. Èrè ₦120,000 tí ìwé fi hàn lẹ́ẹ̀kan jẹ́ òótọ́, ṣùgbọ́n kò tó gbé òwò náà dúró síbi tó wà. Ẹni tó mọ èyí ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ yóò gbé iye ọjà rẹ̀ sókè kí ó tó lọ kó òmíràn. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n yóò máa ta aṣọ rẹ̀ ní iye àná títí ṣọ́ọ̀bù yóò fi gbẹ, yóò sì ní ìjọba ló pa òun. Ìjọba lọ́wọ́ nínú rẹ̀ o, mi ò dá wọn láre. Àmọ́ ẹni tó ń dúró de ìjọba kó tó mọ iye tí yóò ta ọjà rẹ̀ ti fi òwò rẹ̀ sí ọwọ́ ẹlòmíràn.

Èyí kò yọ oníṣẹ́ ọwọ́ sílẹ̀. Ọlọ́kadà tó ra ọ̀kadà ní ₦1,200,000, tó mọ̀ pé ọdún mẹ́ta ni yóò lò ó kó tó dẹnukọlẹ̀, ₦400,000 nínú ọ̀kadà náà ló ń gbó lọ́dọọdún, ó ju ₦1,000 lọ lójúmọ́. Kò sẹ́ni tó ń wá gba owó náà lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí náà ó rò pé kò jáde. Yóò kó gbogbo owó tó kù lẹ́yìn epo sápò gẹ́gẹ́ bí èrè. Nígbà tí ọdún mẹ́ta bá pé, kò sí ọ̀kadà, kò sí owó tí yóò fi ra òmíràn. Aránṣọ tó ni ẹ̀rọ, alágbẹ̀dẹ tó ni ẹ̀rọ ìjórin, onírun tó ni jẹnẹrétọ̀, gbogbo wọn ló wà nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Mo mọ àwọn èsì tí wọn yóò fún mi. Wọ́n ní, "Kékeré lòwò tèmi." Òwò kékeré gan-an ló nílò rẹ̀ jù. Ilé iṣẹ́ ńlá lè pàdánù ₦30,000 kó má mọ̀ ọ́n lára, ṣùgbọ́n ẹni tí gbogbo ojú owó rẹ̀ jẹ́ ₦200,000, bí irú ₦30,000 bẹ́ẹ̀ bá lọ lẹ́ẹ̀mẹta, òwò rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìdajì.

Wọ́n ní, "Orí mi ń bá mi ṣírò." Orí èèyàn kì í gbàgbé ẹni tó jẹ ẹ́ ní ₦50,000. Ohun tó máa ń gbàgbé ni ₦500 omi, ₦1,000 agbèrò, ₦2,000 tó fún ìbátan tó yà kí i. Bí irú ₦3,500 bẹ́ẹ̀ bá ń jáde lójoojúmọ́ fún ọjọ́ 26 téèyàn fi ń ṣí ṣọ́ọ̀bù lóṣù, ₦91,000 ló lọ. Ní oṣù mẹ́ta, ó ju ìlọ́po méjì èrè oníṣòwò wa ti Ìtokú lọ.

Wọ́n ní, "Mi ò kàwé." Ìyá tí kò kàwé ń fi POS gbowó, ó ń tẹ nọ́ńbà fóònù, ó mọ owó tuntun yàtọ̀ sí owó àtijọ́. Nọ́ńbà ni ìwé ìṣirò nílò, kò nílò gírámà. Ẹni tí kò lè kọ orúkọ oníbàárà lè ya àmì fún un, ẹni tí kò lè ya àmì lè pe ọmọ rẹ̀ lálẹ́ kó bá a kọ ọ́. Ohun tí kò lè fi fún ọmọ náà ni kíkà rẹ̀ àti ìpinnu tó tẹ̀ lé e.

Wọ́n ní, "Ìjọba yóò fi mọ iye owó orí tí wọn yóò bù fún mi." Èyí ló gbòdì jù nínú gbogbo rẹ̀. Òfin owó orí ilẹ̀ wa fún agbowó orí lágbára láti fojú díwọ̀n ohun tó wọlé fún ẹni tí kò ní àkọsílẹ̀, kí wọ́n sì bu owó orí lé e. Ẹni tí kò ní ìwé kò ní ẹ̀rí tí yóò fi jà. Òfin tuntun tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kìíní 2026 ní kò sí owó orí lórí ₦800,000 àkọ́kọ́ nínú owó tó yẹ kí wọ́n gba owó orí lé lọ́dún. Ta ni yóò jẹ́rìí fún ọlọ́jà pé tirẹ̀ ò kọjá bẹ́ẹ̀, bí kò bá sí ìwé rẹ̀? Ẹni tó sì ń bẹ̀rù pé ayé yóò rí i, kó kọ ọ́ kó tì í mọ́ àpótí. Àṣírí kò ní ká má mọ tara wa.

Wọ́n ní, "Akáńtáǹtì ń bẹ fún un." Ní ọdún 2006, Cadbury Nigeria, àwọn tó ń ṣe Bournvita, kéde fúnra wọn pé ìṣirò tí àwọn ti ń gbé jáde láti ọdún mélòó kan ti ju bó ṣe wà lọ. Àwọn tó yẹ̀ ẹ́ wò ní àfikún èké náà wà láàárín bílíọ̀nù 13 sí bílíọ̀nù 15 náírà. Ilé iṣẹ́ náà ní akáńtáǹtì nínú ilé, ó ní ayẹ̀wéwò láti ìta. Ìwé ẹ̀rí ẹlòmíràn kò lè rọ́pò ojú ẹni tó ni owó. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Akáńtáǹtì rere pàápàá, ìgbà tí ọdún bá parí ló sábà máa ń kó ìwé wá, nígbà tó jẹ́ pé òwúrọ̀ òní ni oníbàárà ń bẹ̀bẹ̀ fún ₦500.

Bí a bá sì fẹ́ mọ ohun tí àìmọ̀ yìí ń ná wa, ẹ rántí MMM, ètò tí wọ́n ní kéèyàn kówó sí kó lè jèrè. 30% lóṣù ni wọ́n ṣèlérí. Ní oṣù kejìlá 2016, wọ́n ti ìlẹ̀kùn owó pa mọ́ àwọn èèyàn. Nígbà tó di oṣù kẹrin 2025, CBEX tún wó, èyí tó ṣèlérí láti sọ owó di ìlọ́po méjì láàárín oṣù kan, tí inú fi bí àwọn èèyàn débi tí wọ́n kó ẹrù ọ́fíìsì rẹ̀ n'Íbàdàn. Ẹni tó bá mọ ìwé èrè kà yóò bi wọ́n ní ìbéèrè kan péré: kí lẹ ń tà? Èrè ní ibi tó ti ń wá. Ó lè jẹ́ orí ọjà, ó lè jẹ́ orí iṣẹ́, ó lè jẹ́ owó tí ayálégbé ń san. Bí ẹni kan bá ń fi 30% lé owó lóṣooṣù, tí a sì ń fi èrè lé èrè, ₦100,000 yóò di nǹkan bíi ₦2,330,000 lọ́dún kan. Òwò wo ló ń mú irú rẹ̀ wá? Àwọn tó kówó síbẹ̀ kì í ṣe òpè. Olùkọ́, nọ́ọ̀sì, ẹ́ńjínníà, òṣìṣẹ́ báńkì pàápàá wà níbẹ̀.

Ilé-ìwé wa náà pín nínú ẹ̀bi. Ọmọ tó bá wọ kíláàsì sáyẹ́ńsì tàbí ti lítíréṣọ̀ kì í sábà fojú kan Financial Accounting mọ́. Ọmọ kọ́másì nìkan la kọ́ ọ fún, bí ẹni pé òun nìkan ni yóò ná owó láyé. Dókítà tí yóò dá ọsibítù sílẹ̀, lọ́yà tí yóò gba ọ́fíìsì, pásítọ̀ àti ìmáàmù tí yóò dúró lé owó ìjọ àti owó mọ́sálásí, akápò ẹgbẹ́ ìlú, gbogbo wọn ló jáde láìmọ bí a ṣe ń ya owó ẹni sọ́tọ̀ kúrò lára owó iṣẹ́. Nínú ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀, akọ̀wé yóò ka ìṣirò ọdún jáde, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ yóò pàtẹ́wọ́, wọn yóò sì béèrè ìgbà tí oúnjẹ yóò dé. Owó wọn ni wọ́n kà sí wọn létí yẹn!

Èsì kan wà tí mo bọ̀wọ̀ fún. Àwọn kan ní ìwé kì í pe oníbàárà, pé ohun tó ti kọjá ló ń sọ, pé òwò wà nínú ìwà, ẹnu dídùn àti ọgbọ́n ọjà. Òótọ́ ni. Ẹni tó kọ gbogbo owó rẹ̀ sílẹ̀ tí ọjà rẹ̀ kò dára, ìwé kò lè gbà á là. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ọlọ́jà yóò tà láwìn fún opó tàbí aláìsàn, tí yóò sì tọ̀nà pé ó ṣe bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ìwé kò ní kó má ṣàánú. Ó kàn ń sọ iye tí àánú náà ná an, kó lè mọ ìgbà tí apá òun ká a. Ohun tó ti kọjá náà la fi ń mọ ohun tó ń bọ̀: ẹni tó mọ iye tó tà ní ọdún iléyá àti kérésì èṣí kò ní kó ọjà ní ìkókúkòó lọ́dún yìí.

Kí ni kí èèyàn wá kọ́? Kò ju ìwé mẹ́ta lọ. Ìwé kìíní ń sọ owó tó wọlé àti owó tó jáde lójoojúmọ́. Ìwé kejì ń sọ ohun tí a tà, iye tí a rà á, ìnáwó tó tẹ̀ lé e, àti èrè tó kù. Ìwé kẹta ń sọ ohun tí a ní àti ohun tí a jẹ, kí a lè mọ ohun tó jẹ́ tiwa gan-an. Ẹni tó bá ti mọ̀ pé owó ọwọ́ yàtọ̀ sí èrè, pé àwìn jẹ́ ohun ìní ṣùgbọ́n kì í ṣe owó, pé owó ilé kì í ṣe ìnáwó ọjà, pé ohun èlò ń gbó, ó ti mọ èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí ìpinnu ojoojúmọ́ ń béèrè. Kò sẹ́ni tó ní kó lọ jókòó fún ìdánwò ICAN.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọlọ́jà, ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́, ẹ̀yin akápò ẹgbẹ́, ẹ gba ìwé yín padà. Ẹ ra ìwé kan lọ́la. Ẹ ka ọjà tó wà nílẹ̀, ẹ ka owó ọwọ́, ẹ kọ orúkọ gbogbo ẹni tó jẹ yín, ẹ kọ orúkọ gbogbo ẹni tí ẹ jẹ. Ẹ dá iye tí ẹ ó máa mú lọ sílé. Kí oṣù kan tó pé, ẹ ó mọ ohun tí ọdún mẹ́wàá ọjà títà kò sọ fún yín. Ẹ̀yin òbí, ẹ kọ́ ọmọ yín, ìbáà ṣe sáyẹ́ńsì ló ń ṣe. Òwò tí ẹni tó ni ín kò mọ èrè rẹ̀, ẹlòmíràn ni yóò máa bá a pinnu rẹ̀: ẹni tó ń yá a lówó, ẹni tó ń tà á lọ́jà, ẹni tó ń gba owó orí lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí yóò fi ire ọlọ́jà náà ṣáájú tirẹ̀.